Ta Ló Ni Ilẹ̀? Ẹjọ́ Tó Wà Nídìí Fíìmù Kábọ́ì

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Bí a bá ti dárúkọ fíìmù kábọ́ì, ẹṣin, fìlà ńlá àti ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ẹ óò rí i pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń rò. Shane, tí George Stevens darí, tó sì jáde ní ọdún 1953, ni a óò yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé lójú tèmi, kò sí èyí tó ṣí aṣọ lójú ẹjọ́ náà tó o.

Òfin kan ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó gba ará ìlú tó jẹ́ olórí ìdílé, tàbí tó ti pé ọmọ ọdún 21, láàyè láti gba 160 éékà nínú ilẹ̀ ìjọba. Owó ìwé díẹ̀ ni yóò san, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kó dáko, kó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ilẹ̀ náà tó di tirẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn màlúù sì rèé, tí wọ́n ti ń da ẹran wọn káàkiri pápá yẹn láìsí ọgbà kankan. Bí àgbẹ̀ bá wá sọgbà yí ibi tí omi wà ká, níbo ni ẹran yóò ti mumi?

Ní Wyoming, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí ìtàn fíìmù náà ti ṣẹlẹ̀, kùkùté igi ńlá kan wà níwájú ilé àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Joe Starrett. Òun àti Shane, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbé àáké tì í títí òógùn fi bò wọ́n, wọ́n sì kọ̀ láti fi ẹṣin fà á. Èjìká ni wọ́n fi tì í ṣubú. Ẹ̀tọ́ Starrett sí ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, láìsọ̀rọ̀.

Ryker, olówó màlúù, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, Stevens kò sì fi dù ú. Ó ní àwọn ló kọ́kọ́ dé, ebi pa àwọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ṣàn níbẹ̀, kódà ọfà àwọn Cheyenne, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣì ń dun òun léjìká. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọfà náà ní ẹni tó ta á, ẹni náà sì ní ìdí tó fi ta á, síbẹ̀ a kò rí Cheyenne kankan tó bọ́ síwájú láti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1884, ìjọba ti ya ilẹ̀ kan tó ní ààlà sọ́tọ̀ ní Montana fún apá kan nínú wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yanjú, Ryker bẹ Wilson lọ́wẹ̀, ẹni tó ń fi ìbọn jẹun. Wilson yìnbọn lu àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Torrey nínú ẹrẹ̀. Okùn wáyà ni wọ́n fi fa òṣèré náà sẹ́yìn kí ìṣubú rẹ̀ lè dẹ́rù bani. Shane gbẹ̀san, ó pa Wilson àti Ryker, ilẹ̀ sì kù fún àwọn àgbẹ̀. Òun alára kò gba éékà kan níbẹ̀; ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ lóru, ọmọ Starrett sì ń ké pè é lẹ́yìn.