Bangassou: Ogúnléndé Tó Ń Rí Ìlú Rẹ̀ Lọ́ọ̀ọ́kán

Ẹ wo odò yìí dáadáa. Mbomou lorúkọ rẹ̀. Ìlú tó wà létí rẹ̀ níhìn-ín ni Bangassou, ní Central African Republic. Ìletò tó wà lódìkejì yẹn, Ndu ni; ilẹ̀ Kóńgò (Democratic Republic of Congo) sì ni. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló ń kó èèyàn sọdá. Ẹ fi odò náà sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Séléka, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú wọn, lé Ààrẹ François Bozizé kúrò lórí àlééfà. Ìwà ìkà tí wọ́n hù fáwọn aráàlú ló mú kí àwọn jàgídíjàgan aráàlú tí wọ́n ń pè ní anti-balaka gbára jọ, tàwọn tàdá, tìbọn ìbílẹ̀, toǹdè lọ́rùn. (Ayẹta ni o. Ohun táwọn bàbá wa mọ̀, àwọn náà mọ̀ ọ́n.) Kò pẹ́ tí gbogbo Mùsùlùmí fi di ọ̀tá lójú wọn, títí kan ẹni tó kàn ń ta ọṣẹ àti iyọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Oṣù Karùn-ún 2017 ni àwọn anti-balaka ya wọ Tokoyo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní Bangassou. Àwọn èèyàn sá wọ mọ́ṣáláṣí. Bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ìlú náà, Juan José Aguirre, ará Sípéènì, lọ dúró síwájú mọ́ṣáláṣí kí wọ́n lè dáwọ́ ìbọn dúró. Òkú 115 ni Red Cross kà. Àwọn tó yè, bí 2,000, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di fádà ni wọ́n wọ̀ sí.

Ohun tó ká mi lára nìyí: inú Bangassou náà ni ọgbà yẹn wà. Bí a bá ní ogúnléndé, ẹni tó rìn jìnnà ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn wọ̀nyí ò kúrò nílùú. Ilé wọn ò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde lọ wò ó lè má padà wọlé mọ́.

Ní oṣù Kejì 2020, ilé ẹjọ́ ní Bangui, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, rán márùn-ún nínú àwọn olórí anti-balaka náà lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún kan ò pé, ogun tún dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2021, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tuntun kan, CPC, gba Bangassou. Ta ló wà nínú rẹ̀? Àwọn kan tó ti ṣe Séléka rí, àtàwọn kan tó ti ṣe anti-balaka! Bozizé tí Séléka lé lọ́jọ́sí ló sì wá di olórí wọn kó tó oṣù mẹ́ta.

Lọ́tẹ̀ yìí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, etí odò ni gbogbo wọn gbà lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ sí Ndu, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n yíjú padà. Bangassou rèé, lọ́ọ̀ọ́kán wọn.