Ẹlẹ́gbà Ọrùn: Orúkọ Kan, Ẹranko Púpọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tó ń wò wá láti òkèèrè. Kétu ni mo wà, lẹ́yìnkùlé bàbá mi, nídìí igi máńgòrò. Ẹ jẹ́ ká wo orí ògiri yẹn. Ẹ rọra o, kó má fò.

Àdàbà ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, awọ tó yí ojú náà ká sì pọ́n pẹ̀lú. Ó ti kọ̀yìn sí wa báyìí, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, bíi pé ẹnì kan ti ìka bọ inú aró, tó wá fi fà á láti ọ̀tún sí òsì. Kò yípo dé ọ̀fun, ẹ̀yìn ọrùn nìkan ló mọ. Nítorí ìlà yìí ni ìwé Faransé ṣe ń pe ẹyẹ yìí ní “tourterelle à collier”, àdàbà tó wọ ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní òdìkejì ààlà, tí wọ́n ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, á máa bá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pàdé: “ringneck”.

Orúkọ tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó fọ́ ojú ọmọ kan nílé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe fídíò yìí.

Lóko ìyá mi ni, lásìkò òjò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ejò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè iṣu. Ejò náà gbé orí sókè, ó fẹ ọrùn, ìlà dúdú gbòòrò sì wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ìyá àgbà, ẹ má bẹ̀rù, couleuvre à collier ni, ejò ẹlẹ́gbà ọrùn. Mo kà á nínú ìwé pé kì í ṣe èèyàn ní nǹkan.” Ló bá ń sún mọ́ ọn. Ìyá mi ò dá a lóhùn. Apá ló gbá a mú, ó fà á sẹ́yìn, ó sì ju ìborùn rẹ̀ bò ó lójú. Ìborùn yẹn ni oró tí ejò náà tu bà lé.

Ohun tí ọmọ yẹn kà kì í ṣe irọ́ o. Couleuvre à collier wà lóòótọ́, àmọ́ Yúróòpù ló ń gbé. Ẹ̀bá omi ló fẹ́ràn, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ló ń jẹ, kì í sì í pa èèyàn lára. Èyí tó wà lóko wa, ìyá mi ní sèbé ni. Naja nigricollis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìtumọ̀ “nigricollis” yẹn sì ni ọlọ́rùn dúdú. Ó lè tu oró sí èèyàn lójú láti ibi tó ju mítà 2 lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra ojú. Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, omi púpọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ní gúúsù Áfíríkà, ejò mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní “rinkhals”. Èdè Afrikaans ni, òrùka ọrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà sì ń tu oró. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, “ringneck” jẹ́ ejò tín-ín-rín kan tó lẹ́gbà bí ìyeyè lọ́rùn, kì í sì í pa èèyàn lára. Ṣé ẹ rí i? Àmì ara ni orúkọ yìí ń sọ. Kò sọ ìdílé ẹranko, kò sì sọ ìwà rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà lè má ní àmì ọ̀hún lára. Ẹ wo “perruche à collier”, ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó bá odídẹrẹ́ tan. Akọ nìkan ló ń ní ẹ̀gbà, ó sì lè tó ọdún 3 kó tó yọ dáadáa. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣófo lè jẹ́ abo, ó sì lè jẹ́ akọ tí kò tíì dàgbà.

Ẹyẹ tó sì lẹ́gbà gidi, kò sẹ́ni tó fi í pè é! Kanná-kánná wa ńkọ́? Dúdú ni láti orí dé ìrù, àfi funfun tó wà láyà rẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ọrùn yípo, bí àgbàlagbà tó fi aṣọ funfun kọ́rùn. Síbẹ̀ kanná-kánná là ń pè é.

Ti àdàbà ló jinlẹ̀ jù. Streptopelia semitorquata ni wọ́n ń pe èyí tó wà lórí ògiri yìí. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbà ọrùn àti àdàbà ló pàdé nínú èdè Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ kejì, ti Látìn, túmọ̀ sí ẹlẹ́gbà ààbọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti wo ẹ̀yìn ọrùn yẹn dáadáa, ó rí i pé ẹ̀gbà náà ò yípo.

Ẹ má fi èyí pe òrùka irin tí ẹ lè rí lẹ́sẹ̀ ẹyẹ mìíràn o. Èèyàn ló ń fi ìyẹn sí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹyẹ ń lọ. Ará Dẹ́ńmákì kan, Mortensen, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ létòlétò ní 1899. Bí ẹ bá rí i, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀.

Kékeré kan ti bà lé ẹ̀gbẹ́ ekejì báyìí. Ẹ wo ọrùn tirẹ̀: kò sí ìlà lẹ́yìn, iwájú ló ní àmì tó-tò-tó. Nílé wa, àdàbà là ń pe àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, kí lẹ̀ ń pe kékeré yìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ìyá àgbà yín léèrè.