Ọgbẹ́ Ọkàn Ọmọdé: Ìkánjú Ló Ń Ba Ìtọ́jú EMDR Jẹ́

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa l'Abẹ́òkúta, ẹ kú ìjókòó. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní EMDR, èyí tí wọ́n ń fi lílọ-bíbọ̀ ojú wo ọgbẹ́ ọkàn, la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Francine Shapiro ará Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún ọmọdé àti àgbà tí ìpayà ohun tó ti kọjá kò fi lọ́rùn sílẹ̀.

Kì í ṣe oògùn, a kì í sì í kun ọmọ lóorun. Ọmọ á mú ohun tó dẹ́rù bà á sọ́kàn, á sì máa fojú tọ ìka olùtọ́jú láti òsì sọ́tùn-ún. Àlàyé kan tó múlẹ̀ ni pé iyè kì í lè gbé ẹrù méjì pọ̀ dáadáa: bí ojú ti ń lọ tó ń bọ̀, àwòrán burúkú náà á máa ṣá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 8 kan tí ọkọ̀ wọn ní jàǹbá lójú ọ̀nà Èkó. Ó tún ti ń tọ̀ sílé, ó ń ta gìrì lóru, kò fẹ́ wọ mọ́tò mọ́. Ohun tí à ń sọ fún olùtọ́jú nìyí: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bi í ní nǹkan kan nípa jàǹbá yẹn. Ẹ ní kó ya ibi tí ara ti máa ń tù ú, bóyá ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀, níbi tí wọ́n ń sá àdìrẹ sí. Kó sọ àwọ̀ aṣọ, kó sọ òórùn aró, títí èjìká rẹ̀ á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó káwọ́ méjèèjì kọjá ara wọn láyà, kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún àti òsì gbá ara rẹ̀ pẹ́pẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, bí ìyẹ́ labalábá. Lucina Artigas ló mú èyí wá fún àwọn ọmọ tí ìjì Pauline ọdún 1997 kọlù ní Mẹ́síkò. Ọmọ tí kò tíì lè padà síbi ìtura rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì yẹ fún iṣẹ́ lórí ìrántí jàǹbá náà.

Bó bá wá kan ìrántí náà, àgbà máa ń fi 0 sí 10 díwọ̀n ìbẹ̀rù; ní ti ọmọdé, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ méjèèjì hàn án: "Ó tóbi tó báyìí." Ìlọ-àbọ̀ ojú bíi 24 ni ti àgbà lẹ́ẹ̀kan, ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i. Bí ojú bá ń ro ó, ẹ gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ bi í: "Kí ló wá sí ọ lọ́kàn?" Ohun tó bá sọ, ẹ má jiyàn. Ìyá tó jókòó tì í kò gbọ́dọ̀ bá a dáhùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á wá máa wojú ìyá rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá ṣàdédé ranjú sójú kan, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó dárúkọ nǹkan 5 tó ń rí nínú yàrá.

Ẹ fi ìṣẹ́jú bíi 10 sílẹ̀ kó lè padà síbi ìtura kó tó lọ sílé. Àlá lè pọ̀ sí i fún ọjọ́ mélòó kan; ẹ sọ fún òbí ṣáájú.

Bí ọmọ bá ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú tàbí tó ń bà á jẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù tó ń bà á nígbà náà kì í ṣe ìrántí, òtítọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ibi ìtura àti ìgbápá labalábá, òbí lè bá ọmọ ṣe é nílé. Ìyókù, ẹ má wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi dán ọmọ wò. Ìbáà ṣe ilé ìwòsàn Àrò lẹ gbé e lọ tàbí ibòmíràn, ẹ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọmọdé gan-an.