Bí Akẹ́kọ̀ọ́ DO Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Residency ní Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń gbàdúrà fún wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ osteopathic ní Amẹ́ríkà la fẹ́ sọ, àwọn tó máa gboyè dókítà tí wọ́n ń pè ní DO dípò MD tó wọ́pọ̀, tí wọ́n sì ń wá bí wọ́n ṣe máa rí àyè residency tó wù wọ́n, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí dókítà máa ń gbà ní ọsibítù lẹ́yìn tó bá gboyè.

Àwọn òbí ṣì máa ń béèrè bóyá dókítà gidi ni DO. Dókítà gidi ni. Ọdún 1892 ni Andrew Taylor Still ti dá ilé ẹ̀kọ́ osteopathic àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Lónìí, kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí DO ò ti lè kọ oògùn fún aláìsàn tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ. Tẹ́lẹ̀, DO ní Match tiwọn lọ́tọ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọsibítù tó máa gbà wọ́n fún residency. Láti 2020 ni tiwọn àti ti àwọn MD ti wọnú ara wọn. Àyè tẹ́ ẹ lè wá ti pọ̀ sí i, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dù ú náà sì ti pọ̀ sí i.

Oṣù Kẹsàn-án, níbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin, ni wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù residency ránṣẹ́. Àmọ́ inú wọ́ọ̀dù, ní ọdún kẹta, ni ohun tó máa wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ìdánwò. COMLEX, ìdánwò àwọn DO tó ní ìpele-ìpele, pọn dandan fún wọn. Láti 2022, ìpele kìíní rẹ̀ kò ní máàkì mọ́, kẹ́ ẹ yege ni tàbí kẹ́ ẹ kùnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Step 1, ìpele kìíní USMLE, ìdánwò tí àwọn MD ń ṣe. Máàkì ìpele kejì ló wá kù tí wọ́n ń wò. Ṣé kí ẹ̀yin náà ṣe Step 2 ti USMLE? Lójú tèmi, tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ egungun, ìtọ́jú awọ ara tàbí ọsibítù yunifásítì ńlá lẹ̀ ń wò, ẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ ìṣègùn ìdílé, COMLEX nìkan máa ń tó ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n ẹ má wọlé ìdánwò láìtíì gbaradì. Èyí tẹ́ ẹ bá kùnà kì í parẹ́ lórí àkọsílẹ̀.

Ibi tó ti le gan-an fún DO rèé: ilé ẹ̀kọ́ wọn púpọ̀ ni kò ní ọsibítù ńlá tiẹ̀. Tí ọdún kẹta bá dé, wọ́n á pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri. Ẹnì kan á bọ́ sí ọsibítù kékeré nígbèríko, ẹlòmíì á bọ́ sí kíníìkì dókítà kan ṣoṣo. Èrè wà níbẹ̀ o. Níbi tí kò ti sí resident, ìyẹn dókítà tó ń ṣe residency, tó máa gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa rán ojú ọgbẹ́, ẹ̀yin lẹ máa dúró ti aboyún títí táá fi bí. Àmọ́ àwọn tó ń yan resident lè má mọ dókítà tó ń kọ́ yín níbẹ̀ rárá. Torí náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan ibi tó wù yín, ẹ rí i pé ẹ lo oṣù kan, ó kéré tán, níbi tí resident wà.

Ẹ wá wo lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì, irú èyí tí dókítà tó kọ́ yín máa ń kọ mọ́ fọ́ọ̀mù yín. Ọ̀kan ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa ń tètè dé, ó sì ń ṣiṣẹ́ kára." Èkejì ní: "Aago márùn-ún ìdájí ló rí i pé ẹsẹ̀ ìyá kan wú lápá kan. Kò dúró de àsìkò tá a máa yípo wọ́ọ̀dù, ó pè mí. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà." Èkejì ni wọ́n máa rántí. Dókítà tó níṣẹ́ lọ́rùn sì lè ti gbàgbé ìdájí ọjọ́ yẹn. Kó tó di pé ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ bi í tààrà bóyá ó lè kọ lẹ́tà tó lágbára fún yín. Tó bá ń fà sẹ́yìn, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì. Tó bá gbà, ẹ fún un ní abala ìwé kan tẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ méjì-mẹ́ta tẹ́ ẹ jọ ṣe sí, láìdárúkọ aláìsàn.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí lórí àwọn ọmọ Yorùbá. A ti tọ́ wọn pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, pé wọn kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Ẹ̀kọ́ ilé gidi ni. Àmọ́ ní ọdún kẹrin, tẹ́ ẹ bá lọ lo oṣù kan ní ọsibítù tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbà yín, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wò yín. Tí ọ̀gá bá béèrè ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ń ṣe aláìsàn, tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ sì dákẹ́ torí ọ̀wọ̀, ohun tó máa rò ni pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ èrò yín, kẹ́ ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn, ẹ fi í hàn fún nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń nu ilẹ̀; wọ́n ń wo ìyẹn náà.

Lórí ERAS, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti ń gba fọ́ọ̀mù residency, iṣẹ́ tàbí ìrírí mẹ́wàá péré ni ẹ lè kọ sílẹ̀, mẹ́ta nínú wọn lẹ sì máa ṣàlàyé síwájú sí i. Ẹ má fi ọ̀sán kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi pín omi níbi eré sísá dí àyè. Ẹ̀ka ìtọ́jú aboyún àti ti pàjáwìrì ti kó lọ sórí ìkànnì míì, ResidencyCAS, kẹ́ ẹ má lọ fi fọ́ọ̀mù síbi tí wọn ò sí.

Tó bá wá kan ìwé tẹ́ ẹ máa fi to àwọn ọsibítù tẹ̀lé ara wọn fún Match, bí wọ́n ṣe wù yín sí, ẹ má dọ́gbọ́n kankan sí i. Alvin Roth, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012, wà lára àwọn tó tún ìlànà tí kọ̀ǹpútà Match ń lò ṣe, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé. Ibi tó wù yín jù ni kó wà lókè, bó ti wù kó le tó. Ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè gbé, ẹ má kọ ọ́ rárá, torí pé ibi tí orúkọ yín bá bọ́ sí ní Ọjọ́ Ẹtì kẹta nínú oṣù Kẹta, tí èsì Match máa ń jáde, àdéhùn ti dè yín mọ́ ọn nìyẹn.