Àgbàdo Ni Mò Ń Tà, Mi Ò Kì Í Ta Iná

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé dáadáa la jí? Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jí wa sáyé, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe wa. Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28, ẹ kà á láti ẹsẹ 1 dé 10, ẹ má kánjú, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò lónìí tẹ́ ẹ ti ń wo aago, ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní dí ọ̀nà yín lọ́wọ́.

Torí paramọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ orí yẹn. Pọ́ọ̀lù gbọn paramọ́lẹ̀ sínú iná, ibi kankan ò sì ṣe é, a ti fi gbàdúrà títí ohùn fi há. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, iná tó gbọn ejò yẹn sí, ta ló dá a?

Ẹ wo ẹsẹ kejì. Àwọn ará erékùṣù Mélítà ni, àwọn tí ò mọ Pọ́ọ̀lù rí. Ní orí 27 tó ṣáájú, ìjì ti gbé ọkọ̀ ojú omi tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ kiri fún òru 14, èèyàn 276 ló wà nínú ẹ̀, iwájú ọkọ̀ kàn mọ́lẹ̀ kò lè lọ kò lè bọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ń fọ́, àwọn tó mọ̀wẹ̀ bẹ́ sómi, àwọn yòókù di pákó mú títí wọ́n fi dé ilẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú wọn, sójà wà nínú wọn, gbogbo wọn tutù, wọ́n ń gbọ̀n. Bíbélì Yorùbá pe àwọn ará erékùṣù yẹn ní aláìgbédè, ìyẹn ni pé àwọn àtàwọn àlejò yìí ò gbédè ara wọn, ó lè má ju kí wọ́n máa juwọ́ síra wọn lọ. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, wọ́n sì dáná. Wọn ò béèrè pé ta ni ẹlẹ́wọ̀n, ta ni sójà, gbogbo wọn ni wọ́n gbà mọ́ra.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ iná yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Lóṣù keje ọdún tó kọjá, èmi àti dádì àwọn ọmọ gbéra láti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ là ń lọ, ìsìnkú àna wa ni, àwọn ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn. A ti kọjá Ìkirè, a ò tíì dé Gbọ̀ngán, bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i tí ọwọ́ gééjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí ti gòkè tán, kí n tó sọ pé "Dádì, ẹ wo nǹkan yìí", hóòsì rédíétọ̀ ti bẹ́, èéfín funfun bo gbogbo iwájú mọ́tò, a ò rí ọ̀nà mọ́. Ọlọ́run ló bá wa yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀, àfi ohùn tó ké látẹ̀yìn, "Bọ̀dá! Ẹ má ṣí i o! Ẹ má ṣí i!" Ọlọ́kadà kan ni. Ó ti kọjá wa lọ, ó sì tún yí padà. Omi tó ń hó tó wà nínú nǹkan yẹn, ká ní ọkọ mi ṣí i ni, ojú ẹ̀ ni ì bá fọ́n sí. Ẹ gbọ́, igbe kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tá ò mọ̀ rí ló gba ojú ọkọ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé láé. Ọkùnrin yẹn ní ká kó àwọn ọmọ kúrò nínú mọ́tò kíá torí tírélà, ó fa àdá yọ lára ọ̀kadà ẹ̀, ó bẹ́ ẹ̀ka igi eléwé bíi mẹ́rin, ó rìn lọ sẹ́yìn dáadáa, ó tò wọ́n sójú títì kí àwọn tó ń sáré bọ̀ lè mọ̀ pé mọ́tò bàjẹ́ níwájú.

Ibẹ̀ lòjò ti dé.

Màmá kan wà lódìkejì, abẹ́ tapólì kékeré ló ti ń sun àgbàdo. Wọ́n ń pè wá pé "Ẹ kó àwọn ọmọ wá síbí o, ẹ kó wọn wá!" A sáré sọdá. Màmá dìde lórí bẹ́ńṣì wọn, wọ́n fi àwọn ọmọ jókòó síbẹ̀, àwọn fúnra wọn lọ jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì. Àbíkẹ́yìn mi ti tutù délẹ̀, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn, màmá tú ìborùn ọrùn wọn, wọ́n fi wé e, ìborùn yẹn ń rùn fún èéfín, ọmọ náà sì ti orí bọ inú ẹ̀ bíi pé ilé ìyá ìyá ẹ̀ ló wà. Kò sí oníbàárà kankan nínú òjò yẹn, kò sí àgbàdo lórí iná mọ́, ṣùgbọ́n màmá ò yéé ki igi bọ iná, igi tí wọ́n máa fi tajà lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ń kó sí i torí ọmọ ọlọ́mọ. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ mi dìde fúnra ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn bó èèpo àgbàdo tó kù nílẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo tún ka ẹsẹ kẹta tí mo rí i pé Pọ́ọ̀lù náà ṣa igi, kò kàn jókòó kí wọ́n máa ṣe é fóun, mo ní háà, ọmọ mi ti ṣe é kí n tó kà á.

Ọlọ́kadà yẹn wá ní ká fún òun ní hóòsì tó bẹ́ kóun lọ ra irú ẹ̀ ní Ìkirè. A fún un lówó, ó lọ. Ẹ̀yin ará mi, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, nígbà tó ti tó nǹkan bíi wákàtí kan tí mi ò rí i, mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti gbówó lọ nìyẹn. Àfi bó ṣe yọ, omi ń kán lára ẹ̀ tó-tó-tó, ó ki hóòsì tuntun bọ abẹ́ ẹ̀wù kó má bàa sọnù, ó sì fi ọ̀rá di ṣéńjì wa kó má tutù. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run. Òun náà ló bá wa dè é, tó fún kílípù ẹ̀ le, ó ní ká tan mọ́tò ká máa rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀, owó epo nìkan ló gbà.

Ọkọ mi fa owó yọ fún màmá. Màmá ka iye àgbàdo táwọn ọmọ jẹ, wọ́n mú owó ìyẹn, wọ́n dá tó kù padà. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Àgbàdo ni mò ń tà, mi ò kì í ta iná."

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí ò ṣe ni. Màmá yẹn ò lóṣòó ti tiwọn, àní wọn ò béèrè orúkọ wa.

Lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò tó lẹ orúkọ Jésù mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kọjá lára wa, ó ju ẹyọ kan lọ. Mi ò dá wọn lẹ́jọ́, èmi náà ti kọjá lára èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ páàkì nínú igbó lóru. Ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá lè dúró, ẹ lè pe 122, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni, ẹ lè sọ fún àwọn ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá bá níwájú pé àwọn kan wà lẹ́yìn níbí báyìí. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi kan sí búùtù, tí ò bá wúlò fún yín, á wúlò fún ẹlòmíì. Ìyẹn náà iná ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ fún gbogbo ẹni tó ti dáná fún wa láyé yìí tá ò mọ orúkọ wọn. Ìwọ mọ̀ wọ́n. San án fún wọn níbi tó ti máa dùn mọ́ wọn jù.

Gbogbo ẹni tó ń jáde lónìí, a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí a ṣe lọ la ó ṣe bọ̀. Táyà ò ní bẹ́ mọ́ wa lórí eré, búrèkì ò ní já, lórúkọ Jésù.

Olúwa, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ dúró sójú ọ̀nà ní ìsinsìnyí tí fóònù ẹ̀ ti kú, rán ẹni tó máa yí padà sí i. Tó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ rán, má jẹ̀ẹ́ kí n kọjá. Gba ìfura burúkú kúrò lọ́kàn mi, fún mi lọ́gbọ́n tí mi ò fi ní kó sọ́wọ́ ìkà.

Àwọn ọlọ́kadà wa, àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, wọn ò ní fi iṣẹ́ yìí kú.

Àti màmá alágbàdo yẹn, Olúwa, níbikíbi tí wọ́n bá tẹ́ tapólì wọn sí láàárọ̀ yìí, kí oníbàárà má wọ́n wọn, kí òtútù má mú wọn lọ́jọ́ alẹ́ wọn, kí ọmọ wọn má sùn sọ́nà. Iná wọn ò ní kú. Àmín.