Kí Ẹ Tó Ra Fọ́ọ̀mù Másítà: Ta Lẹ Fẹ́ Bi, Níbo Ló Wà?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló máa ń ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí iṣẹ́ kò tíì yọjú, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ ṣe másítà. Kò burú. Àmọ́ tó bá jẹ́ másítà oníwàádìí, yálà nínú ìmọ̀ ìlera tàbí nínú saikọ́lọ́jì, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kìkì torí pé kò rí nǹkan míì ṣe yóò jìyà díẹ̀. Kíláàsì kì í sábà dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìwádìí ni wọ́n máa ń há sí, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Ẹ jẹ́ ká yára yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ oyè. M.Sc. nílé ẹ̀kọ́ wa sábà máa ń ní apá méjì: ẹ óò jókòó ní kíláàsì, ẹ óò ṣèdánwò, lẹ́yìn náà ẹ óò ṣe ìwádìí tiyín, ẹ óò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú M.Phil., ìwádìí ló gba ibi tó pọ̀ jù. Ẹni tó ní PhD lọ́kàn ló máa ń ṣe é. Ẹni tó bá ní HND, ìwé ẹ̀rí pólì, tàbí tí èsì rẹ̀ kò gbé pẹ́ẹ́lí, sábà máa ń kọ́kọ́ gba PGD kọjá, ìyẹn dípúlómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú másítà. Wọn á béèrè ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀. Tiránskíríìpù, ìwé tó ń fi gbogbo máàkì yín hàn, ńkọ́? Láti ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Lílé náà ni mo wí.

Ó yá, ìwádìí fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà, ẹ sì fẹ́ mọ iye àwọn ìyá ọlọ́jà ní ọjà Tákíè tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí ṣeé ṣírò. Ẹ fojú bù ú sí 30 nínú 100, kí àṣìṣe má ju 5 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀: ìṣírò tí wọ́n ń lò yóò fún yín ní ènìyàn 323. Ẹ fi ti àwọn tí yóò kọ̀, àti àwọn tí ìdáhùn wọn kò ní í pé, kún un, ká ní 10 nínú 100 àwọn tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n. Ó di 359. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó bá tó 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kà á mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ ẹ bá fi ìbéèrè kún un, ogún ìṣẹ́jú ni ká pe ti ẹnìkan. Ó ti di nǹkan bíi wákàtí 120 nìyẹn, ọjọ́ ọjà sì ni o, nígbà tí oníbàárà dúró ti ìyá tí ẹ ní kó fọwọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní nǹkan míì ló ń jẹ yín lọ́kàn: kí ló dé tí ẹni tí dókítà ti fún lóògùn kì í fi í lò ó? Ibí ni saikọ́lọ́jì ti wọ̀ ọ́: ìbẹ̀rù, ìgbàgbọ́, ohun tí aládùúgbò sọ, ọ̀wọ́n oògùn. Ìbéèrè yìí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, lójú tèmi. Àmọ́ Tákíè kò rọrùn fún un mọ́, torí kí ẹ tó rí ọgọ́rùn-ún mélòó kan tó ti mọ̀ pé àwọn ní in, ẹ ó ti bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá sáré lọ sí kíliníìkì, níbi tí aláìsàn ti tò sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tó ti pa oògùn tì, ṣé ó ṣì ń wá sí kíliníìkì? Àwọn tí ẹ ń wá gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ẹ ó bi àwọn tó ń wá déédéé, ẹ ó sì kọ ọ́ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń lo oògùn wọn dáadáa. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí pẹpẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ gbàṣẹ láti wo rẹ́jísítà ọdún tó kọjá, kí ọsibítù bá yín kàn sí àwọn tí wọn ò rí mọ́.

Ẹ wo ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis. Ní 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun wà lára wọn, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí arán ọjọ́ ogbó (dementia) láàrin àwọn tó ti tó 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, àti láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n lò níbi méjèèjì, wọn ò sì dúró de àwọn arúgbó lọ́sibítù. Ilé ni wọ́n bá wọn. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé, nínú 1,000 arúgbó, nǹkan bíi 13 ni arán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nǹkan bíi 32 ní Indianapolis.

Kò sí ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí tó fọwọ́ sí i. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH ní tirẹ̀. Ti Bowen náà, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ọsibítù Onítẹ̀bọmi tó ti wà láti 1907, ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé ti ìjọba lẹ fẹ́ lò, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn lẹ ó kọ̀wé sí. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka lójú ẹlẹ́rìí láti fi hàn pé ó gbà kí ẹ bi òun, ó sì lè yí ọkàn padà láàrin méjì. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú. Ẹni tí ẹ bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí nọ́ńbà tòkè ti lé ní 180, ẹ ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ẹ ó darí rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìgbìmọ̀ kò ní í ṣílẹ̀kùn ọjà fún yín: ẹ lọ kí ìyálọ́jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá súpáfáísọ̀, olùkọ́ tí yóò máa tọ́ ìwádìí yín sọ́nà. Ẹ ka ohun tó ti kọ kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, torí olùkọ́ tó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru lè má mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìbẹ̀rù. Ẹ lè nílò méjì. Ojú ìwé kan ni kí ẹ mú dání: ìbéèrè yín, àwọn tí ẹ fẹ́ bi, iye wọn, bí ẹ ó ṣe rí àwọn tí kì í wá, àti iye tó máa ná yín. Ogún ojú ìwé tí ẹ kó jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní í kà á.