Ọmọ Ta Nìyí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn.

Mo ti dé láti Abẹ́òkúta. Ti ẹrù, ti ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀yin náà ń rìn ín. Ọ̀rọ̀ kan ni Ìyá sọ fún mi ní Ìtokò tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá, aláró ni. Mo fi ọ̀dà ya àwòrán ojú rẹ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́rin gbáko, mo ká a bí ẹní, mo gbé e lọ. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ọwọ́ tí aró ti pa dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín! Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin mà ni." Ó fi ìka ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà. "Èmi kọ́. Ta ló fọ ojú mi?"

Ẹ gbọ́ ná. Àbàjà òró ló wà lójú Ìyá: mẹ́ta ní ìdúró lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lósì, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń kọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Níbi ìpàtẹ kan níbí, obìnrin kan dúró ti iṣẹ́ mi pẹ́, ó wá bi mí pé ta ló ṣe ìyá yẹn léṣe. Ojú àánú ló fi ń wò mí. N kò dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ojú tí mo bá yà ló ń jọ̀lọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ pé, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún máa fi abẹ ya ọmọ lójú ni?" Rárá o! Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọ léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Èmi náà kò kọlà. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ni òfin ń dáàbò bò, kò ní kí n fọ ojú ẹni tó ti kọ ọ́. Ẹ dé ọjà Ìtòkú, ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta àdìrẹ. Ojú mélòó lẹ máa rí ilà? Àwọn tó ni ín ń tán lọ.

Ẹlòmíì á ní ayàwòrán ló ni àwòrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi ni mo ń yà, mo gbà. Ẹ wo ère ìbejì. Ìkókó ló kú, síbẹ̀ àgbà ni wọ́n ń gbẹ́, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ìdílé lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò jọ ọmọ náà rárá! Ìyá rẹ̀ á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún, torí ó mọ̀ pé tòun ni. Èmi wá ya èyí tó jọ Ìyá bí òjìji inú omi, kò sì dá ara rẹ̀ mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Àwòrán àwọn obìnrin 1947 ni mo ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbé adé sílẹ̀ ní 1949. Ìyá tó bí Ìyá wà níbẹ̀. Obìnrin tí kò bẹ̀rù Aláké, èmi ń tìtorí ìbéèrè ẹnìkan fọ ojú ọmọ rẹ̀.

Ìyá kò bínú. Ó dìde lọ síbi ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya aṣọ, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fa mẹ́ta síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún lórí ọ̀dà mi. N kò lè mí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Máa gbé mi lọ."

Ẹ̀kọ náà ti gbẹ báyìí, etí rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì lánàá láti fi ọ̀dà tún un fà, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí mo lè fi dì í mú kó má bọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.